Iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ láti ilé: ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Iléṣà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin ọdún 22 ni mí. Iléṣà ni ilé wa, Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kàwé, Computer Science ni mo ń kọ́. Ó kù díẹ̀ kí n lọ fún IT, ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ní ká ṣe. Èkó ni gbogbo iléeṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ wà, àwọn òbí mi kò sì lágbára owó ilé l'Ékòó. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń san dọ́là fún obìnrin láti kọ́ṣẹ́ láti ilé. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo lè fi ṣe IT mi? Ṣé iṣẹ́ gidi ń ti ibẹ̀ jáde? RAM 4GB ni láàpútọ́ọ̀pù mi ní.

Ìdáhùn: Àbúrò wa, òótọ́ ni. Ó jọ pé Outreachy ni o gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ètò tó ń sanwó fún èèyàn láti kọ́ṣẹ́ láti ilé nínú sọ́fítíwià tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹgbẹ́ GNOME, tí wọ́n ń ṣe sọ́fítíwià fún Linux (ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, bíi Windows), ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ fún àwọn obìnrin ní 2006. Wọ́n tún gbé e dìde ní 2010, ó sì gba orúkọ Outreachy ní 2015. Ní báyìí kì í ṣe ti obìnrin nìkan mọ́. Ó wà fún ẹnikẹ́ni tí irú rẹ̀ kò pọ̀ nínú iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní orílẹ̀-èdè tó ń gbé, tàbí tí wọ́n ń fi ojú burúkú wò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni: Oṣù Kárùn-ún sí Oṣù Kẹjọ, àti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹta. Oṣù mẹ́ta, wákàtí 30 lọ́sẹ̀, $7,000 lápapọ̀, iye kan náà fún ẹni tó wà ní Iléṣà àti ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Àwọn méjì mìíràn tún wà tó yẹ kí o mọ̀. Google Summer of Code ti wà láti 2005, àti láti 2022 kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà mọ́. LFX Mentorship ti Linux Foundation máa ń wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún. Ní ti àwọn méjèèjì yìí, orílẹ̀-èdè tí o ń gbé ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pinnu owó, nítorí náà tiwa máa ń wà ní ìsàlẹ̀. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ títí ó fi pẹ́ jù: ẹni tó bá ti ṣe Google Summer of Code rí kò lè wọ Outreachy mọ́. Ilẹ̀kùn Outreachy ni kí o kọ́kọ́ kàn.

Ọ̀rọ̀ IT rẹ ló le jù nínú ìbéèrè rẹ, ẹ jẹ́ ká yanjú rẹ̀ kí o má baà ṣìnà. SIWES, ìyẹn ètò IT tí ITF (àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìkọ́ṣẹ́) gbé kalẹ̀ ní 1973, fẹ́ kí o wà lábẹ́ ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí ìwé lọ́gbúùkù rẹ ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, kí olùkọ́ rẹ lè wá wò ọ́ níbi iṣẹ́, kí ọ̀gá náà sì kọ ìròyìn rẹ sínú Form 8 nígbà tí o bá parí. Oṣù mẹ́fà ni tìrẹ, ìyẹn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24. Ọ̀sẹ̀ 13 péré ni Outreachy. Ọ̀sẹ̀ 11 ṣì kù nílẹ̀, ọ̀gá tó wà lókè òkun kò sì ní sítáǹpù tí ITF mọ̀. Ìṣòro kejì tún burú ju èyí lọ: Outreachy fẹ́ kí ọjọ́ 49 tó tẹ̀lé ara wọn wà láàárín oṣù mẹ́ta náà tí iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ mìíràn kò gbà ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. IT níbi iṣẹ́ kan, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kọjá wákàtí 20. Ẹni tó bá fi èyí pa mọ́ nínú fọ́ọ̀mù ń fi àyè rẹ̀ ṣeré.

Ohun tí a máa dá ọ nímọ̀ràn ni pé kí o wá ibi IT sí ìtòsí ilé: ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní ọgbà yunifásítì Ifẹ̀, ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ńlá, iléeṣẹ́ kékeré tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bù ní Lágéré, tàbí Yunifásítì Iléṣà tó wà nílùú yín. Nǹkan bí kìlómítà 30 ni Iléṣà sí Ifẹ̀. Owó mọ́tò rẹ̀ kò lè tó owó ilé l'Ékòó láé. Lo ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ oṣù mẹ́fà náà láti múra sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o wá wọ Outreachy ní àsìkò ìsinmi tàbí lẹ́yìn tí o bá jáde ilé ẹ̀kọ́, torí kò pọn dandan kí èèyàn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n ka á mọ́ IT ṣáá, lọ bá ẹni tó ń bójú tó SIWES ní ẹ̀ka yín kí o TÓ bẹ̀rẹ̀, kí o sì gba ìdáhùn rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Mọ èyí pẹ̀lú: ìkọ́ṣẹ́ Outreachy ti Oṣù Kárùn-ún ni wọ́n sábà máa ń yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti apá ayé tiwa. Oṣù Kìíní ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì máa ń jáde.

Nínú fọ́ọ̀mù yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń ṣubú, kì í sì í ṣe pé wọn ò mọ kóòdù. Wọ́n á bi ọ́ léèrè bí irú rẹ ṣe kéré tó nínú iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní orílẹ̀-èdè tí o ń gbé, àti ohun tí ojú rẹ ti rí nítorí rẹ̀. Àwọn kan á dáhùn pé "aláwọ̀ dúdú ni mí láti Áfíríkà". Dúdú ni gbogbo wa níbí. Kò yà ọ́ sọ́tọ̀ láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù ní Nàìjíríà. Òmíràn á kọ pé "tálákà ni wá, mo nílò owó". Ètò ìrànwọ́ aláìní kọ́ ni.

Ohun tí wọ́n fẹ́ ni òtítọ́ tó ní iye àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ka iye ẹ̀yin tó wà ní kíláàsì, ka iye obìnrin inú rẹ̀, kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Olùkọ́ obìnrin mélòó ló ti kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà láti 100 level? Nígbà iṣẹ́ àjọṣe, ta ni wọ́n ń gbé kóòdù fún, ta ni wọ́n ń ní kó lọ ṣe ìwé àti páwápọ́ìntì? Bó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n ń rán lọ dúró ní ìsọ̀ ní ọjà Àtàkúnmọ́sà nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ilé, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, pẹ̀lú wákàtí tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ lọ́sẹ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa, ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn, ẹni tó kọ́ kóòdù lẹ́yìn ọmọ bíbí, olúkúlùkù ní ìtàn tirẹ̀ tí ó yẹ kó sọ láìfi epo kún un. Àlàfo ìdáhùn kì í fẹ̀, nítorí náà kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gbé ẹrù. Má sì jẹ́ kí AI bá ọ kọ ọ́. Ó máa ń mú gbogbo èèyàn jọ ara wọn, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó mú ọ yàtọ̀ ni wọ́n ń béèrè.

Tí fọ́ọ̀mù bá kọjá, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. O mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ wa: bàbá àti ìyá á mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé, ọmọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ ọ̀gá. Níbí, òdìkejì ni. O máa ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá ní ojú gbogbo ayé fún bí oṣù kan kí wọ́n tó gbà ọ́ ní ọmọṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí kò ràn án, máàkì ilé ìwé kò ràn án. Ohun tí o ṣe nínú oṣù kan yẹn ni wọ́n máa fi yàn ọ́.

Báyìí ló ṣe ń lọ. O máa yan iṣẹ́ àkànṣe kan, ó pọ̀ jù méjì. Yíyan márùn-ún ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, torí ọwọ́ rẹ kò ní tó ọ̀kankan dáadáa. Ka ìwé README (àlàyé sọ́fítíwià náà) àti CONTRIBUTING (ìlànà fún ẹni tó fẹ́ dá sí i) wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí o tó béèrè ohunkóhun. Wọ gbàgede ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wọn, kí àwọn èèyàn ibẹ̀, sọ ẹni tí o jẹ́ ní gbólóhùn méjì. Gbé sọ́fítíwià náà ró lórí kọ̀ǹpútà rẹ. Ìgbésẹ̀ yìí ló ń lé èèyàn sá jù. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta, kí ara má tì ọ́. Lẹ́yìn náà, wá issue (iṣẹ́ tàbí ìṣòro tí wọ́n kọ sílẹ̀ láti yanjú) tí wọ́n lẹ "good first issue" mọ́, béèrè kí wọ́n fún ọ ní ọ̀kan. Ọ̀kan. Má ṣe jókòó lé mẹ́ta kí ẹlòmíràn má rí ṣe.

Fork (ṣe ẹ̀dà tìrẹ lórí ayélujára), clone (gbé e wá sórí kọ̀ǹpútà rẹ), branch tuntun (ẹ̀ka tí o ti máa ṣiṣẹ́), ṣe àtúnṣe, commit (fi àtúnṣe náà pa mọ́ pẹ̀lú àkọlé), push (gbé e padà sókè), pull request tàbí PR (ní kí àwọn ọ̀gá gbà á): ìlànà yẹn kì í yí padà lórí GitHub tàbí GitLab, àwọn ibi tí wọ́n ń tọ́jú kóòdù sí. Wikimedia ń lo Gerrit, ibi àyẹ̀wò kóòdù mìíràn, àwọn Linux kernel sì ń fi ímeèlì ránṣẹ́ pẹ̀lú git send-email, nítorí náà wo ti ibi tí o ń lọ. Àṣìṣe tó máa ń bà á jẹ́ kò pọ̀, a sì mọ̀ wọ́n. Ṣíṣe àtúnṣe lórí main (ẹ̀ka àgbà) dípò branch tirẹ: nígbà tí main àwọn ọ̀gá bá ti yí padà, tìrẹ á lọ́ pọ̀ bí okùn tí ewúrẹ́ fà. Àwọn editor kan máa ń tún gbogbo fáìlì tò fúnra wọn, PR tó yẹ kó yí ìlà méjì padà á wá fi ìlà 400 hàn; máa lo git diff kí o tó commit, ojú rẹ á rí i. Àkọlé commit kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí lẹ́tà 50, kó sì sọ ohun tó ṣe: "Fix broken link in install guide" dára, "update" kò sọ nǹkankan fún ẹnikẹ́ni. GitHub sì ń béèrè ìdánimọ̀ ìpele méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń dá sí kóòdù. Kọ àwọn recovery code rẹ (kóòdù tí o fi ń gba àkáǹtì padà) sórí ìwé, fi pa mọ́ nílé; bí fóònù bá sọnù láìsí wọn, ó ṣeé ṣe kí àkáǹtì náà bá a lọ.

Bí o bá ti fi PR ránṣẹ́, dúró. Ará Ìjẹ̀ṣà ni ọ́, o mọ òṣómàáló: oníṣòwò tó bá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí tí owó fi jáde. Kò ṣiṣẹ́ níbí. Olùyẹ̀wò tí o ń dúró dè ní iṣẹ́ tirẹ̀, nígbà mìíràn ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é. Fún un ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, kí o tó rán an létí lẹ́ẹ̀kan, níbẹ̀ kan náà tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Fífi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí olùtọ́nà (ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níbẹ̀) wà lára ohun tó ń bí wọn nínú jù. Nígbà tó bá sì ní kí o tún nǹkan ṣe, tún un ṣe lórí branch kan náà. Má ti PR pa kí o ṣí òmíràn. Bí o bá ní ìbéèrè, kọ ohun tí o fẹ́ ṣe, àṣẹ tí o tẹ̀, àṣìṣe tó jáde ní kíkún, àti ohun tí o ti gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé wa dára, ṣùgbọ́n "Good day sir, please I have a problem" tí ó dá dúró lásán máa ń wà níbẹ̀ ọjọ́ méjì láìsí ìdáhùn. Orúkọ ni wọ́n ń pe ara wọn níbẹ̀, kì í ṣe àrífín.

Bí kóòdù kì í bá ṣe agbára rẹ, kíkọ ìwé àlàyé, àwòrán ojú sọ́fítíwià, ìdánwò àti ìtumọ̀ náà ni iṣẹ́. Common Voice ti Mozilla ń gba ohùn Yorùbá, Wikipedia Yorùbá wà. Ibẹ̀ dára fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láìfojú rí ara wọn.

Láàpútọ́ọ̀pù rẹ ńkọ́? 4GB kò tó fún irinṣẹ́ ńlá bíi Docker, kò sì yẹ kí o fi gbé kóòdù Firefox tàbí Android ró. Bí ó bá ṣeé ṣí, mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kó sọ fún ọ bóyá RAM rẹ̀ ṣeé yọ tàbí wọ́n jó o mọ́ pátákó, àti bóyá DDR3 ni tàbí DDR4, torí ọ̀kan kò wọ ihò èkejì. Gbé e dé 8GB. Bí hard disk rẹ̀ bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ń yí, SSD 256GB á sọ ọ́ di ẹ̀rọ mìíràn. Bí owó kò bá tíì sí, fi Lubuntu tàbí Xubuntu (irú Linux tó fúyẹ́) sí i, kí o sì yan iṣẹ́ Python kékeré, wẹ́ẹ̀bù, tàbí ìwé àlàyé.

Dátà ń jóná níbi tí èèyàn kò fura sí. Git clone tó bá já lágbedeméjì kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó já; ó ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo dátà rẹ á ti lọ. Lo git clone --depth 1, tó ń mú ẹ̀dà tuntun nìkan wá, fún àkọ́kọ́, kí o wá fi git fetch --deepen=50 mú ìtàn rẹ̀ wá díẹ̀díẹ̀. Ìpàdé fídíò lè jẹ GB kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan. Sọ fún olùtọ́nà pé ohùn nìkan lo máa lò; kò sí ẹni tó máa bínú. Ní síìmù nẹ́tíwọọ̀kì méjì, kí o sì fi dátà òru gbà àwọn nǹkan ńlá.

Ti iná la fẹ́ kí o fọkàn sí jù, torí òun ló ń fi orúkọ ọmọ wa hàn bí ọ̀lẹ níwájú àjèjì. Ṣírò rẹ̀: láàpútọ́ọ̀pù bí wáàtì 40, rọ́tà 10, gílóòbù 10, wáàtì 60 ni. Bátìrì inverter 12V 100Ah ní wáàtì-wákàtí 1,200. Bí ó bá jẹ́ ti olómi tàbí ti jẹ́ẹ̀lì, ìdajì nìkan ni kí o máa lò kó má baà tètè kú. Yọ ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ, o ní nǹkan bí 500, ìyẹn wákàtí mẹ́jọ. Odidi ọjọ́ iṣẹ́ kan nìyẹn láìsí NEPA. Bátìrì ọkọ̀ kò lè ṣe é: ìdáná ọkọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, bí o bá ń fà á gbẹ lójoojúmọ́, oṣù díẹ̀ ló máa lò. Bí inverter kò bá sí, mọ ibi méjì tó ní iná kí ìkọ́ṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bíi yàrá ìkàwé ní Ifẹ̀ tàbí ilé ìbátan. Kí o sì sọ fún olùtọ́nà rẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé iná lè lọ, pẹ̀lú bí o ṣe máa fi fóònù kàn sí i. Ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta láìsọ ohunkóhun ló ń lé ọmọṣẹ́ kúrò, ju kóòdù tí kò ṣiṣẹ́ lọ. Ìlà mẹ́ta lójoojúmọ́ tó: ohun tí mo ṣe lánàá, ohun tí mo fẹ́ ṣe lónìí, ohun tó dí mi lọ́wọ́.

Aago wa kì í yí láàárín ọdún, tiwọn ń yí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ New York jẹ́ méjì ọ̀sán níbí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, mẹ́ta nígbà òtútù. Mẹ́wàá àárọ̀ Íńdíà jẹ́ márùn-ún ààbọ̀ ìdájí wa. Ní Oṣù Kẹta ni Amẹ́ríkà ń yí aago sí ti ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ ti pàdánù ìpàdé lọ́jọ́ yẹn.

Ti owó: orúkọ tó wà lórí NIN, BVN, ìwé báǹkì àti fọ́ọ̀mù rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kí wọ́n tò lọ́nà kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó lè padà lọ. Ṣí àkáǹtì dọ́mú (àkáǹtì tó ń gba dọ́là) ṣáájú àkókò, torí àwọn báǹkì kan ń béèrè onígbọ̀wọ́ méjì. Bí iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà bá fún ọ ní fọ́ọ̀mù W-8BEN, ó ń sọ pé o kì í ṣe ará Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tí o jókòó ṣe ní Iléṣà kò sí lábẹ́ owó-orí wọn. Ti wa nìyí: láti Oṣù Kìíní 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó ń wọlé fún ọ lọ́dún kò ní owó-orí, èyí tó bá lé ló ní. $7,000 yóò lé. Lọ béèrè ní ọ́fíìsì owó-orí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Kò sí èyí tó jẹ́ òtítọ́ nínú wọn tó ń gba owó fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá béèrè owó, OTP, tàbí tó ní kí o fi owó tirẹ sílẹ̀ lórí Telegram kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbájúẹ̀ ni.

Ṣé iṣẹ́ ń ti ibẹ̀ jáde? Ó ń jáde fún ẹni tí kò dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́ta parí. Commit rẹ wà ní gbangba pẹ̀lú orúkọ rẹ. Agbanisíṣẹ́ lè ka bí o ṣe ń ronú àti bí o ṣe ń gba ìbáwí. Béèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́wọ́ olùtọ́nà nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kù, kì í ṣe oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà. Bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ PR àwọn ẹni tuntun wò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọṣẹ́ àná ṣe ń padà wá di olùtọ́nà. Nígbà tí o bá ń wá iṣẹ́, kọjú sí Yúróòpù: aago wa bá ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó bá ti Jámánì mu nígbà òtútù. Ọmọ Iléṣà lè bá wọn jókòó ìpàdé láago iṣẹ́ wọn láìfi oorun rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí o lè kọ gbangba sínú lẹ́tà ìbéèrè iṣẹ́ rẹ.

Lọ́sẹ̀ yìí, ṣí àkáǹtì GitHub, kọ recovery code sórí ìwé, wá sọ́fítíwià kan tí o ń lò lójoojúmọ́ tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí o ka ìwé àlàyé rẹ̀ títí o fi rí ibi kan tó ṣì ọ́ lọ́nà. Tún ibẹ̀ kọ, fi ránṣẹ́. PR rẹ àkọ́kọ́ nìyẹn.